Omi Ọjọ́ Mẹ́ta

Léonard jẹun ní òwúrọ̀. Nígbà tí oòrùn kan àtàrí, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé e mọ́, ó ń ṣubú bí ọ̀mùtí. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ó ti kú. Ọmọ ọdún mẹ́rin tí ibà kò ṣe, tí ejò kò bù jẹ! Nínú agbo ilé wọn lórí òkè ní Dassa, wọn kò béèrè ohun tó pa á. Ẹni tó pa á ni wọ́n ń wá.

Wọn kò wá a jìnnà. Ọdún karùn-ún òmìnira ni, òjò kọ̀, iṣu tán, obìnrin méjì ti bí òkú ọmọ. Théodore, olórí agbo ilé, nàka sí Ẹ̀ta, opó àbúrò rẹ̀, ìyá tó bí bàbá ọmọ náà.

"Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí. Ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ? Ẹyẹ ké lórí igi osè, gbogbo wa gbọ́. A sì gbọ́ ìwọ náà, Ẹ̀ta. O ní ọmọ yìí yóò kú!"

Ẹ̀ta wo Blandine, ìyá òkú ọmọ. Blandine wolẹ̀.

Blandine kúkú mọ ohun tó pa ọmọ rẹ̀. Ebi ló lé e lọ wa gúdúgúdú, iṣu igbó tó ń pani bí omi kò bá fọ oró rẹ̀ jáde. Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n ń rẹ ẹ́, wọ́n á máa pààrọ̀ omi rẹ̀ lójoojúmọ́. Ìsun omi wà nísàlẹ̀ òkè, ó sì jìn. Ẹ̀ta pọn omi wá fún un, ṣùgbọ́n wọ́n ti jà lórí igi ìdáná, ìgbéraga kò jẹ́ kí Blandine fọwọ́ kan omi ìyá ọkọ. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, ọmọ ń sunkún ebi, ó bá sè é.

"Ìyàwó, má ṣe é!" ni Ẹ̀ta kígbe lọ́jọ́ náà. "Bí ọmọ yìí bá jẹ ẹ́ lónìí, yóò kú!"

"Ẹ fi mí sílẹ̀, Ìyá! Ṣé ẹ fẹ́ kí ebi pa á ni?"

Kìkì "yóò kú" ni aládùúgbò gbé lọ.

Odindi ọjọ́ méjì ni Blandine fi ń dá ara rẹ̀ lẹ́jọ́. Bó bá jẹ́wọ́, Cosme ọkọ rẹ̀ á lé e, á sì gba Odile ọmọ ọwọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀rù bà á, ó dákẹ́.

Ní ọjọ́ kẹta, wọ́n ní kí Ẹ̀ta padà sí Soclogbo, ìlú baba rẹ̀, tàbí kí wọ́n sọ ọ́ lókùúta.

"Èmi ni mo pa á," ni arúgbó náà wí. "Ẹ jẹ́ kí ìyàwó ráyè tọ́ èyí tó kù."

Ọ̀rọ̀ yẹn gún Blandine dé ọkàn. "Irọ́ ni! Èmi ni! Omi ni mi ò pààrọ̀! Ẹ fi ìyókù inú ìkòkò fún adìẹ, ẹ ó rí i!"

Kò sẹ́ni tó fẹ́ fọwọ́ kan ìkòkò náà. Cosme ń sunkún. "Màmá ti fi àjẹ́ gba orí ìyàwó mi."

Blandine pọn Odile. Ó gba ẹrù orí Ẹ̀ta, ó gbé e rù, àwọn méjèèjì sì ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àpáta lọ sí Soclogbo.

Théodore tutọ́ sílẹ̀. "Ẹ ò rí i? Àjẹ́ ti di méjì."