Ọpọlọ Tuntun ní Ilé Olóbì

Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bà jẹ́. Ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko. Láti kékeré ni Hàbíbátù ti ń gbọ́ òwe yìí, ṣùgbọ́n ọ̀sán ọjọ́ tó ru kọ̀ǹpútà láti Ìjokù lọ sí Ibido ló ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yé e.

Ó ti ṣu òṣùká, ó gbé àpótí dúdú náà karí, ó ń rìn gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀ nínú oòrùn. Ibẹ̀ ló ti rí i. Ọmọkùnrin kan jókòó sẹ́nu ọ̀nà ìsọ̀ tí wọ́n ti ń tún kọ̀ǹpútà ṣe, ó ń fi búrọ́ọ̀ṣì kékeré gbá eruku kúrò lára fáànù inú ẹ̀rọ kan, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni tó ń nu ojú ọmọ tó sùn. Ó gbójú sókè, ó rí ẹrù orí Hàbíbátù, ó sì fò dìde.

"Yéè! Ẹ dúró, ẹ jẹ́ kí n bá yín sọ̀ ọ́! Ta ló ní orí la fi ń ru kọ̀ǹpútà?"

"Ọmọ olóbì ni mí," ni Hàbíbátù dá a lóhùn, ó ń nu òógùn. "Ohun tó bá níyì nílé wa, orí ló ń gùn. Àbí ẹ fẹ́ kí ọ̀kadà gbọ̀n ọ́n jìgìjìgì?"

"Ó tán, ẹ ti borí mi. Fàrúkù lorúkọ mi, ọmọ Ìperu."

Àwòrán ilé ni Hàbíbátù máa ń fi ẹ̀rọ náà yà fún àwọn tó fẹ́ kọ́lé. Ṣùgbọ́n láìpẹ́ yìí, kó kàn sọ pé kó yí yàrá kan padà báyìí, ẹ̀rọ á dákẹ́ lọ, bí àgbàlagbà tó tòògbé sórí ìforíkanlẹ̀.

"Bàbá mi ní kí n jù ú nù," ló wí.

"Ká má rí i! Ara rẹ̀ le, ọpọlọ rẹ̀ ló darúgbó." Fàrúkù tú ẹ̀gbẹ́ àpótí náà, ó sì nàka sí àárín rẹ̀. "Purosẹ́sọ̀ nìyí, òun ni ọpọlọ. A ó pààrọ̀ rẹ̀ sí èyí tó yá, a ó fi mẹ́mòrì kún un. Ilé àtijọ́ náà ni, àmọ́ onílé á di ọ̀dọ́."

Nígbà tí ọpọlọ tuntun dé, kò ju páálí ìṣáná lọ. Dípò kí Fàrúkù fi sí i fúnra rẹ̀, àtẹ́lẹwọ́ Hàbíbátù ló gbé e lé.

"Tí mo bá bà á jẹ́ ńkọ́?"

"Ẹ wo àmì tó wà ní igun rẹ̀. Ẹ wá èkejì rẹ̀ nínú ojúhò yẹn. Ẹ kàn gbé e lé e, ẹ má tẹ̀ ẹ́. Tó bá ti ń béèrè agbára, òdì la gbé e sí nìyẹn."

Ó gbé e lé e. Ó bọ́ sójú ẹ̀ dẹ́dẹ́, bí ọmọ tó bá ẹ̀yìn ìyá rẹ̀ pàdé. Hàbíbátù mí kanlẹ̀, ó gbójú sókè. Ojú Fàrúkù kò sí lára ẹ̀rọ rárá.

Láti ọjọ́ náà, "ẹ" di "o" láàárín wọn. Fàrúkù a máa wá sí Ìjokù, lónìí láti yẹ mẹ́mòrì wò, lọ́la láti yẹ fáànù wò. Ìyá Hàbíbátù kò lè pa ẹ̀rín mọ́ra.

"Ẹ̀rọ yìí mà ń ṣàìsàn o," ló wí. "Tàbí dókítà ló wu aláìsàn?"

Nígbà tí Fàrúkù sọ pé òun fẹ́ kó àwọn ẹbí òun wá kí Àlàájì Yésúfù, bàbá Hàbíbátù, ọmọbìnrin náà rẹ́rìn-ín, ó fi ìborùn bojú. Àlàájì dá ọjọ́ fún wọn.

Àfi bí ọyẹ́ ṣe dé, tí ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í kú lójijì. Ó jí, ó kú, ó jí, ó tún kú. Iṣẹ́ oníbàárà há sínú rẹ̀.

"Ọwọ́ tí kò lè tọ́jú ẹ̀rọ," ni Àlàájì wí, "ṣé irú ọwọ́ bẹ́ẹ̀ ni n ó fa ọmọ mi lé? Ẹ sọ fún wọn kí wọ́n jókòó sí Ìperu."

Hàbíbátù sunkún títí ó fi dórí ẹní ìkírun. "Olúwa mi," ló ń wí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, "ohun tí Ìwọ fúnra Rẹ mú bọ́ sójú ẹ̀, má jẹ́ kó yẹ̀."

Fàrúkù dé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì. Ó yí ẹ̀rọ náà padà, ọwọ́ rẹ̀ sì dúró lójijì. Ewé gbòdògì tútù, irú èyí tí wọ́n fi ń di obì, ni wọ́n tẹ́ sẹ́yìn rẹ̀, ìpele lórí ìpele, tí wọ́n ká etí rẹ̀ wọnú gbogbo ihò tó fi ń mí. Hàbíbátù mọ ọwọ́ yẹn. Ẹnì kan ṣoṣo ló ń ká ewé báyẹn nínú ilé, òun náà ló sì dúró sẹ́nu ọ̀nà yìí, tó ń ka tẹ̀sùbáà.

"Kí lo rí?" ni Àlàájì béèrè.

Fàrúkù fara bo ibẹ̀, ó kó ewé náà sínú àpò irinṣẹ́. "Ooru ló mú un, Bàbá. Ẹ forí jì mí, ó yẹ kí n ti ṣàlàyé fún yín."

Hàbíbátù lanu. Fàrúkù mirí sí i, ọmọbìnrin náà sì pa ẹnu dé.

Fàrúkù tan ẹ̀rọ náà. "Ẹ dákun sà, ẹ gbọ́wọ́ síbí."

Bàbá gbọ́wọ́ síbẹ̀. Afẹ́fẹ́ lílọ́ wọ́ọ́rọ́ fẹ́ sí i lọ́wọ́.

"Èémí rẹ̀ nìyẹn, Bàbá. Obì gbànja ń sá fún afẹ́fẹ́ kó má baà gbẹ. Èyí, afẹ́fẹ́ ló ń jẹ. Tí nǹkan bá bò ó, á dákú."

Tẹ̀sùbáà dúró. Ojú Àlàájì lọ sí àpò náà, níbi tí etí ewé kan ti yọ jáde. Ó wo Fàrúkù. Ó wo ọmọ rẹ̀.

"Èmi ni," ló wí nígbà tó yá. "Mo rí i pé ọyẹ́ ń gbẹ gbogbo nǹkan. Mo ní ohun tí ọmọ mi fi ń jẹun, kó má lọ sán mọ́ mi lọ́wọ́. O rí i, Fàrúkù, o ò sì sọ."

"Ìtọ́jú lẹ ń ṣe, Bàbá. Ọ̀nà tẹ́ ẹ mọ̀ lẹ gbé e gbà."

Àlàájì wúkọ́, ikọ́ náà sì di ẹ̀rín. "Láti èwe ni mo ti ń fi ewé ṣìkẹ́ obì. Àṣé mo tún lè fi ewé fún nǹkan lọ́rùn! Ẹni tó bo àgbà láṣìírí, Ọlọ́run á bo tirẹ̀. Kí àwọn ẹbí rẹ máa bọ̀." Ó kọjá sí ẹ̀yìnkùlé, ó ń pe ìyàwó rẹ̀ kó wá gbọ́ ìwà tí òun hù.

Hàbíbátù nu ojú rẹ̀. "Ṣé bó o ṣe máa ń gba ẹ̀bi ẹlẹ́bi rù nìyí?"

Fàrúkù kò dá àpárá padà. Ó gbé irinṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀.

"Ọ̀rọ̀ ẹbí ni gbogbo wa ń sọ láti ọjọ́ yìí wá," ló wí. "Ìwọ gan-an, n kò tíì fẹnu ara mi bẹ̀ ọ́. Hàbíbátù, jọ̀ọ́, fẹ́ mi."