Ìṣẹ́tí Aṣọ Ìkókó

Àga tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Màmá Télọ̀ ṣófo nígbà tí bàálù gbéra, síbẹ̀ bẹ́líìtì rẹ̀ wà ní dídè. Kì í ṣe pé wọ́n kàn fi ẹnu rẹ̀ kọ́ra lásán o. Ó ga sókè díẹ̀ lórí àga, bí ìgbà tó yí ìbàdí ènìyàn ká. Màmá Télọ̀ wò ó, ó sì gbójú kúrò. Ó bá ara rẹ̀ sọ pé bóyá bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn, ìgbà àkọ́kọ́ tóun máa wọ bàálù ṣáà nìyí.

Ọkàn rẹ̀ kò tilẹ̀ sí lára àga. Ọmọbìnrin rẹ̀ kan ṣoṣo ló wà lókè òkun, oyún méjì ló sì ti bàjẹ́ lára rẹ̀. Ọmọ ẹlẹ́ẹ̀kẹta yìí ni Màmá Télọ̀ ń lọ gbé jó, wọ́n sì ní ó ku oṣù kan. Àfi bí àna rẹ̀ ṣe pè é ní pápá bàálù láàárọ̀ náà, tó ní ìrọbí ti mú ìyàwó òun, pé ẹ̀jẹ̀ ń dà, pé àwọn ti wà nílé ìwòsàn. Kò pẹ́ sí i ni wọ́n ní kí èrò pa fóònù. Bàálù méjì ló ṣì wà láàárín òun àti ọmọ rẹ̀. Ọkàn rẹ̀ ti dé ọ̀hún tipẹ́, ara ló kù.

Nínú báàgì rẹ̀ ni ẹ̀wù ìkókó tó rán wà, funfun báláú, tí ìṣẹ́tí rẹ̀ ṣì ṣí sílẹ̀ lápá kan. Iṣẹ́ ìdílé wọn ni. Télọ̀ ni ìyá rẹ̀ títí tó fi kú, òfin tó sì fi sílẹ̀ ni pé wọn kì í pa ìṣẹ́tí aṣọ ìkókó kí ọmọ tó ké. Ó máa ń béèrè pé ẹni tó tilẹ̀kùn kí àlejò tó dé, ṣé ó fẹ́ kó wọlé ni? Màmá Télọ̀ ti mú abẹ́rẹ́ dání láti parí rẹ̀ lọ́hùn-ún, ṣùgbọ́n àwọn òṣìṣẹ́ ààbò gbà á. Ó bẹ̀ wọ́n títí, ẹ̀rín ni wọ́n fi dá a lóhùn.

Oòrùn ṣì wà lójú sánmà nígbà tí wọ́n ní kí gbogbo èrò pa fèrèsé dé kí wọ́n lè sùn. Inú bàálù ṣókùnkùn díẹ̀. Ìgbà náà ni òórùn áyọ́ọ̀nù eléèédú gba imú Màmá Télọ̀. Ta ló ń lọ aṣọ lójú ọ̀run? Ó yí ojú padà.

Arúgbó kan ló jókòó sínú bẹ́líìtì náà, ó wé gèlè funfun, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò kan ilẹ̀. Ó tẹrí ba lé ẹ̀wù ìkókó tó wà nínú báàgì Màmá Télọ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó ń rán ìṣẹ́tí rẹ̀. Pẹ̀lú gbogbo ariwo ẹ́ńjìnnì, Màmá Télọ̀ ń gbọ́ bí òwú ṣe ń gba inú aṣọ kọjá.

Màmá Télọ̀ nawọ́ di ẹ̀wù náà mú, ó tutù bí omi yìnyín. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì pa ìṣẹ́tí rẹ̀. Ọmọ náà ò tíì ké."

Arúgbó náà kò gbójú sókè. "Dákẹ́," ló wí jẹ́jẹ́. "Jẹ́ kí n gbọ́."

Ó dá abẹ́rẹ́ dúró, ó dẹ etí sílẹ̀. Bàálù mì tìtì, àwọn kan ń pe Ọlọ́run lẹ́yìn. Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó fa òwú náà, tó sì fi eyín gé e. "Ó ti ké," ló wí.

Nígbà tí bàálù kò mì mọ́, àga ti ṣófo, bẹ́líìtì ti tú. Ẹ̀wù náà wà lórí itan Màmá Télọ̀, ìṣẹ́tí rẹ̀ ti pa. Ó bi ọmọge tó ń pín omi pé níbo ni ìyá àgbà yẹn lọ.

"Màámi, kò sẹ́ni tó jókòó síbẹ̀ látìgbà tá a ti gbéra."

Ẹ̀rù bà á dé ìwọ̀n. Tí ọmọ kò bá tíì ké ńkọ́? Ó gbé ìṣẹ́tí náà sẹ́nu kó fi eyín tú u, àfi bí ojú rẹ̀ ṣe bọ́ sára ìránṣọ náà. Gbogbo ojú òwú rẹ̀ ló tẹ̀ sápá òsì. Nínú gbogbo télọ̀ tó mọ̀ láyé, ẹnì kan ṣoṣo ló ń fi ọwọ́ òsì rán aṣọ, Màmá Télọ̀ fúnra rẹ̀ ló sì rán aṣọ tí wọ́n fi sin ẹni náà. Màmá Télọ̀ sọ ẹ̀wù náà kalẹ̀ lẹ́nu. Ó bú sẹ́kún, ṣùgbọ́n kò tú u.

Ní pápá bàálù tí wọ́n ti fẹ́ wọ bàálù kejì, fóònù rẹ̀ dún. Àna rẹ̀ ni.

"Màmá, ẹ kú oríire o. Obìnrin ni. Tìyá tọmọ, wọ́n wà láàyè."

Màmá Télọ̀ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láàárín èrò, ó ń dúpẹ́. Àna rẹ̀ wá rẹ ohùn sílẹ̀. Ó ní nígbà tọ́mọ jáde, kò ké, dókítà ti ń mi orí. Ìyàwó òun ní ìyá àgbà kan wá dúró ti bẹ́ẹ̀dì òun, ó wé gèlè funfun, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́ sọ́mọ.

"Ó ní, 'Tètè ké, aṣọ rẹ ti fẹ́ parí.' Lọmọ bá ké. A wá a títí, a ò rí i. Màmá, ta lẹ rán sí wa?"

Màmá Télọ̀ gbá ẹ̀wù náà mọ́ àyà. Àna rẹ̀ ní ọ̀rọ̀ kan ṣì kù: ìyá àgbà náà ní òun ń padà lọ bá ọmọ òun, nítorí bàálù ń bà á lẹ́rù.

Nínú bàálù kejì, àga ẹ̀gbẹ́ Màmá Télọ̀ ṣófo, bẹ́líìtì rẹ̀ sì wà ní dídè. Kò gbójú kúrò lọ́tẹ̀ yìí. Ó tú aṣọ ìbora tí wọ́n fún un, ó sì na ìdajì rẹ̀ bo àga náà, nítorí ìyá rẹ̀ kò fẹ́ràn òtútù rí.