Ọwọ́ Ta Ló Di Irun Sìmíátù?

"Sìmíátù, ṣé òótọ́ ni Dẹníìsì ń sọ? Ṣé òun ló di irun orí rẹ ní ọ̀sán Sátidé?"

Ìyáàfin Bẹ́kà, alábòójútó ilé tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́bìnrin ń gbé, ló béèrè bẹ́ẹ̀. Ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé tábìlì, ó ń wo Sìmíátù láti òkè awò ojú rẹ̀. Dẹníìsì jókòó sórí àga lápá òsì, ara rẹ̀ balẹ̀. Ó tilẹ̀ rẹ́rìn-ín músẹ́ nígbà tí Sìmíátù wọlé, bí ẹni tó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti parí nítorí pé ẹlẹ́rìí òun ti dé. Kárẹ̀n dúró lẹ́bàá fèrèsé, ó ká ọwọ́ mọ́ àyà. Ẹ̀gbà ọrùn wúrà tí ìyá rẹ̀ àgbà fún un ni kò rí mọ́ láti ọ̀sán Sátidé náà, ó sì ti sọ fún gbogbo ilé pé Dẹníìsì ló wọ yàrá òun tó jí i.

Ohun tó yẹ kí Sìmíátù sọ kò ju "bẹ́ẹ̀ ni" lọ. Láti ọ̀sán títí di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, orí ilẹ̀ ló jókòó sí nínú yàrá Dẹníìsì, orí rẹ̀ wà láàárín orúnkún ọmọbìnrin náà, rédíò ń kọrin, àwọn méjèèjì sì jọ ń jẹ gúgúrú. Dẹníìsì kò fẹsẹ̀ kan ẹnu ọ̀nà títí tó fi parí irun náà.

Ọdún 1984 ni. Kọ́lẹ́ẹ̀jì náà wà lẹ́yìn odi Ṣikágò, níbi tí ilé ò ti fún mọ́ra. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ aláwọ̀ dúdú ibẹ̀ kò pọ̀ ju iye tó lè jókòó yí tábìlì kan ká nínú ilé oúnjẹ, wọ́n sì máa ń jókòó yí i ká lóòótọ́, Dẹníìsì náà wà lára wọn. "Tábìlì ọ̀hún" ni Kárẹ̀n àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ aláwọ̀ funfun ń pè é. Sìmíátù kì í jókòó níbẹ̀. Láti ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ni Kárẹ̀n ti fà á mọ́ra, tó gé orúkọ rẹ̀ kúrú sí Sími, tó ń mú un lọ wo bọ́ọ̀lù.

"Ìwọ ò dà bí àwọn yẹn," ni Kárẹ̀n máa ń sọ fún un. "Áfíríkà ni àwọn òbí tìẹ ti wá. Ìwọ mọ ìwà hù."

Ọ̀rọ̀ náà máa ń dùn mọ́ Sìmíátù nínú. Kò fìgbà kan bi ara rẹ̀ léèrè pé kí ni àwọn yẹn ṣe.

Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé nígbà tó bẹ Dẹníìsì pé kó bá òun dirun, àtẹ̀gùn ẹ̀yìn ló gbà lọ sí yàrá rẹ̀. Nígbà tí Kárẹ̀n rí irun náà lọ́jọ́ kejì, tó yìn ín títí, tó béèrè ẹni tó dì í, Sìmíátù ní onídìrí kan ni, ní Rogers Park ládùúgbò àwọn. Irọ́ kékeré ló pè é lọ́jọ́ náà.

Nísinsìnyí, Kárẹ̀n ń wò ó láti ẹ̀bá fèrèsé. Bí Sìmíátù bá sọ òótọ́, á hàn pé ó purọ́ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀. Èyí tó burú jù lójú rẹ̀ ni pé á hàn pé òun àti Dẹníìsì mọra.

"Rárá, mà," ló wí. "Rogers Park ni mo ti dirun mi."

Ọ̀rọ̀ náà já bọ́ kó tó mọ̀. Ó gbọ́ ohùn ara rẹ̀ bí ẹni pé ẹlòmíràn ló ń sọ̀rọ̀ ní yàrá kejì. Dẹníìsì kò pariwo. Ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀ díẹ̀, ojú rẹ̀ ń lọ láti irun orí Sìmíátù sí ẹnu rẹ̀, bí ẹni tó ń wá ibi tí ọ̀rọ̀ náà gbà jáde.

"Sìmíátù," ó wí jẹ́jẹ́, "ìka ṣì ń dùn mí."

Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, wọ́n ti ní kí Dẹníìsì kó ẹrù rẹ̀ kúrò nínú ilé akẹ́kọ̀ọ́. Òun àti ìyá rẹ̀ ló kó ẹrù náà sínú ọkọ̀ àtijọ́ kan. Kò sẹ́ni tó bá wọn gbé nǹkan kan. Sìmíátù wà lẹ́yìn kọ́tìnì yàrá rẹ̀, ó ń wò wọ́n. Nígbà tí ọkọ̀ náà lọ tán, ó jókòó, ó tú irun náà, kò tún dirun mọ́ ní sáà yẹn.

Òtútù dé, yìnyín àkọ́kọ́ bọ́. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lọ sílé fún ìsinmi Ọjọ́ Ìdúpẹ́ ti oṣù kọkànlá, wọ́n sì padà. Ní ọ̀sán ọjọ́ tí wọ́n padà, Sìmíátù ń jẹun lọ́wọ́ nígbà tí Kárẹ̀n jókòó síwájú rẹ̀. Ẹ̀gbà ọrùn wúrà náà wà lọ́rùn rẹ̀, ó ń dán.

Ṣíbí tí Sìmíátù gbé dúró lójú ọ̀nà ẹnu.

"Kárẹ̀n, níbo lo ti rí i?"

"Ilé wa ni. Ibẹ̀ ni mo gbàgbé ẹ̀ sí nígbà tí mo lọ kí wọn ṣáájú Sátidé yẹn. Ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí a ti ń fọwọ́ nílé ìwẹ̀ látọjọ́ yìí. Màmá mi ló rí i." Ó rẹ́rìn-ín, ó ń fi bọ́tà pa búrẹ́dì rẹ̀ lọ.

Àwọn ọ̀rẹ́ Kárẹ̀n tó jókòó yí wọn ká náà rẹ́rìn-ín. Sìmíátù ń retí pé kí ẹnì kan dárúkọ Dẹníìsì. Nígbà tó máa fi wo ọ̀tún wo òsì, ọ̀rọ̀ bàtà òtútù ni wọ́n ń sọ.

"Dẹníìsì ńkọ́?" ló béèrè.

"Ó ti lọ, Sími. Jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀. Bí kò jí tèmi, á jí ti ẹlòmíràn lọ́jọ́ kan."

"Ó yẹ ká lọ sọ fún Ìyáàfin Bẹ́kà."

Kárẹ̀n gbé ọ̀bẹ sílẹ̀. "Kí ni kí n sọ fún un? Èmi sọ ohun tí mo rò ni. Ọ̀rọ̀ tìẹ ni wọ́n gbà gbọ́. Ìwọ lo sọ pé o ò sí lọ́dọ̀ ẹ̀. Àbí o wà níbẹ̀ ni?"

Sìmíátù wo ojú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, kò sì rí ọ̀rẹ́ kan níbẹ̀. Ojú tí wọ́n máa ń fi wo tábìlì ọ̀hún ni wọ́n fi ń wo òun náà. Ó dìde, ó fi oúnjẹ sílẹ̀, ó wọ bọ́ọ̀sì, ó sì wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sílé.

Bàbá rẹ̀, Sàláhúdéènì Akíndúró, ń wa takisí. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kírun Alásárì tán ni, orí ẹní ìkírun ló ṣì wà. Ìyá rẹ̀ ń múra láti lọ ṣe ṣíìfù ìrọ̀lẹ́ nílé àwọn arúgbó ní Edgewater. Sìmíátù kúnlẹ̀, ó sọ gbogbo rẹ̀ láìfi ọ̀kan pa mọ́.

Ìyá rẹ̀ jókòó sórí àga pẹ̀lú bàtà kan lẹ́sẹ̀, ìkejì lọ́wọ́. "Sìmíátù," ó ní, "ọmọ tí mo bí."

Bàbá rẹ̀ rọra ká ẹní ìkírun rẹ̀. "Àwọn oníbàárà máa ń sọ ọ́ fún èmi náà nínú takisí, pé mi ò dà bí àwọn yẹn. Mo máa ń rẹ́rìn-ín, mo máa ń dúpẹ́. Bóyá ọ̀dọ̀ mi lo ti kọ́ ọ." Ó nu ojú. "Ṣùgbọ́n ẹ̀rí èké lo jẹ́, Ọlọ́run ò fi ìyẹn ṣeré. Padà síbẹ̀ lọ́la, kó o sọ òótọ́ níbi tó o ti purọ́. Bí wọ́n bá lé ọ, ilé rèé."

Nígbà tí Sìmíátù dé ọ́fíìsì Ìyáàfin Bẹ́kà, ìyàlẹ́nu mìíràn ló bá pàdé. Obìnrin náà gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ tán, ó sì mí kanlẹ̀. "Ó dára bó o ṣe wá," ó ní. "Ṣùgbọ́n Dẹníìsì ti lọ, ilé ti tòrò. Ṣé ó pọn dandan ká tún hú ọ̀rọ̀ náà síta?"

Sìmíátù ò gbà pé etí òun gbọ́ dáadáa. "Mà, ẹ ò bi mí lẹ́ẹ̀mejì lọ́jọ́ yẹn," ó wí. "Irọ́ mi bá ohun tó ti wà lọ́kàn yín mu. Bí ẹ ò bá fẹ́ gbọ́, màá lọ bá ọ̀gá kọ́lẹ́ẹ̀jì."

Ó sì lọ bá ọ̀gá náà, ó sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Wọ́n yọ Dẹníìsì kúrò nínú ẹ̀sùn náà, wọ́n sì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n lé Sìmíátù kúrò nílé akẹ́kọ̀ọ́ nítorí irọ́ tó pa, ó sì ń ti Rogers Park lọ sí kíláàsì nínú òtútù títí ọdún ẹ̀kọ́ náà fi parí. Wọn kò fìyà kankan jẹ Kárẹ̀n. Bí Kárẹ̀n bá rí i lọ́nà, á kọjá bí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí.

Lọ́jọ́ Sátidé kan, Sìmíátù wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí ìhà gúúsù ìlú, sílé àwọn Dẹníìsì. Dẹníìsì ṣílẹ̀kùn díẹ̀, kò tú ẹ̀wọ̀n tó fi há a.

"Wọ́n ti pè mí," ló sọ. "Wọ́n ní kí n padà. Mi ò padà. Mo ti wọ ilé ìwé kan nítòsí ibí."

"Dẹníìsì, jọ̀ọ́, dárí jì mí."

"Kárẹ̀n ò yà mí lẹ́nu," ni Dẹníìsì wí. "Ohun tí mo retí lọ́wọ́ ẹ̀ náà ló ṣe. Nígbà tí wọ́n ní wọ́n ń lọ pè ọ́ wá, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé ìwọ ni. Ìyẹn ni mi ò tíì lè gbàgbé." Ó di ilẹ̀kùn mú. "Mi ò tíì lè dárí jì ọ́. Ṣùgbọ́n mo rí i pé o wá."

Ó rọra ti ilẹ̀kùn.

Sìmíátù dúró níwájú ilẹ̀kùn náà fún ìgbà díẹ̀ kó tó sọ̀ kalẹ̀. Ohun tó yé e lọ́jọ́ náà ni ó yẹ kí gbogbo ọ̀dọ́ mọ̀ kó tó pẹ́ jù: ẹni tó ní kó o kọ èèyàn rẹ kí òun tó lè fẹ́ràn rẹ kò fẹ́ràn rẹ rárá, ọjọ́ tí o kò bá wúlò fún un mọ́ ló máa fi hàn ọ́. Bí wọ́n bá sì pè ọ́ láti jẹ́rìí, sọ òótọ́ nígbà tí òótọ́ ṣì lè gba èèyàn là. Òótọ́ tí Sìmíátù sọ níkẹyìn wẹ orúkọ Dẹníìsì mọ́, ṣùgbọ́n kò dá Dẹníìsì padà.