Tẹlifíṣọ̀n Tí Kò Gba Wáyà Bàbá

Ogún tẹlifíṣọ̀n ló ń tàn nínú ṣọ́ọ̀bù náà lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, àmọ́ obìnrin aránṣọ náà kò wo ojú ìkankan. Ó kúnlẹ̀, ó ki orí sẹ́yìn wọn, ó ń wá ihò. Ó fi wáyà pupa àti funfun kọ́rùn bíi téèpù ìwọnṣọ. Eruku ti kùn ún nímú. Ọkàn ọkùnrin tó ń tajà níbẹ̀ fò sókè, kò sì balẹ̀ mọ́.

"Àǹtí, kí lẹ ń wá lẹ́yìn ibẹ̀? Iwájú ni àwòrán wà o."

"Bàbá mi ríran, wọn ò gbọ́ràn ni. Sipíkà wọn àtijọ́ nìkan ni wọ́n fi ń gbọ́ tẹlifíṣọ̀n. Wáyà ẹ̀ nìyí. Ṣé ti ara ògiri yẹn á gbà á?"

Ó yẹ kí ọkùnrin náà sọ̀ ọ́ kalẹ̀ kó wo ẹ̀yìn rẹ̀. Ṣùgbọ́n tí kò bá gbà á ńkọ́? Obìnrin yìí á lọ, ó parí.

"Á wọlé," ló wí.

Obìnrin náà rà á, ó gbé e délé. Kò wọlé. Ihò pẹlẹbẹ ló pọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, àti ọ̀kan tó ń yọ iná pupa. Ọ̀gá ṣọ́ọ̀bù ní àwọn kì í gba ọjà padà. Bàbá, tó fi ọgbọ̀n ọdún wa ọkọ̀ ojú irin títí ariwo fi jẹ etí rẹ̀, wá jókòó ti àwòrán tí kò lóhùn.

Ọkùnrin náà ra àpótí kékeré tó máa so ihò oníná náà pọ̀ mọ́ wáyà, ó gbé e lọ sílé wọn. Bàbá tìlẹ̀kùn mọ́ ọn.

"Ẹni tó purọ́ nítorí ihò, kí ni kò ní purọ́ lé lórí?"

Ẹ má dá bàbá lẹ́bi. Irọ́ kékeré máa ń gún èèyàn pẹ́ ju ńlá lọ.

Ọjọ́ Ìsinmi mẹ́fà ni ọkùnrin náà fi bẹ̀bẹ̀ lójú fèrèsé. Aránṣọ á jáde wá bá a ní géètì, wọn á sọ̀rọ̀ títí ẹsẹ̀ á fi máa ro wọ́n.

"Ọ̀gbẹ́ni Á-Wọlé, ìwọ fúnra ẹ ò tíì wọlé o."

"Olólùfẹ́, ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n."

"Tí mo bá ń bẹ̀ wọ́n, wọ́n á ní àwọn ò gbọ́. Ìwọ náà ń pariwo bẹ̀bẹ̀ fún adití."

Ọ̀rọ̀ yẹn ò jẹ́ kó sùn. Ní ọ̀sẹ̀ keje, ó kọ ọ́ gàdàgbà sórí ìwé kan, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ gíláàsì fèrèsé: MO PURỌ́. Ẹ̀RÙ BÀ MÍ PÉ ỌMỌ YÍN Á LỌ.

Bàbá kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ó ṣílẹ̀kùn.

Ọkùnrin náà so àpótí kékeré náà mọ́ ihò oníná, ó ki wáyà bọ̀ ọ́. Lójijì, ohùn akàròyìn bú jáde. Omi lé ròrò sójú bàbá.

"Bàbá, ọmọ yín..." ni ọkùnrin náà pariwo sí i létí.

"Dákẹ́! Jẹ́ kí n gbọ́ ìròyìn."

Wọ́n dúró. Ìka aránṣọ wá ti ọkùnrin náà rí lẹ́yìn àga bàbá. Bọ́ọ̀lù, ojú ọjọ́, ìròyìn náà kò fẹ́ tán.

Nígbà tó tán, bàbá ò bojú wẹ̀yìn.

"Ní kí àwọn òbí ẹ wá rí mi ní Sátidé. Mi ò tíì dárí jì ẹ́ o. Mi ò kàn fẹ́ kí ọmọ mi máa dúró ní géètì mọ́ ni."