Èkù Rákẹ́ẹ̀tì Òsì-Iná

"Ṣé ẹ rí èrò tó wà níta yẹn? Láti àárọ̀ ni wọ́n ti jókòó. Ṣé kí n wá lọ lé wọn sílé nítorí òkú ẹnì kan ṣoṣo?"

Olùdarí ìdíje tẹ́níìsì ló ń lọgun bẹ́ẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà yàrá ìmúra àwọn eléré, tó ń na ìka sí obìnrin kan nímú. Obìnrin náà kò ga ju èjìká rẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ọ̀gá ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ni. Abẹ́rẹ́ làwọn ọlọ́pàá ń pè é, torí pé ibi tó bá ti gún, nǹkan gbọ́dọ̀ jáde níbẹ̀.

"Ẹ sọ ìka yín kalẹ̀," ni Abẹ́rẹ́ wí. "Òkú ẹnì kan ṣoṣo náà nìyẹn nílẹ̀. Ẹ wọlé, kí ẹ wá tún ọ̀rọ̀ yẹn sọ lójú rẹ̀."

Ọkùnrin náà kò wọlé. Ta ni yóò fẹ́ wọ irú ibẹ̀? Kóòṣì, olùkọ́ eléré, ló nà gbalaja láàárín kọ́bọ́ọ̀dù àti bẹ́ǹṣì tí rákẹ́ẹ̀tì kan wà lórí rẹ̀. Ẹni tó pa á ti kọ́kọ́ la rákẹ́ẹ̀tì mọ́ ọn lórí títí tí rákẹ́ẹ̀tì fi kán, ó wá fi ṣóńṣó ibi tó kán gún un lọ́fun. Ẹ̀jẹ̀ ta dé àjà. Èkù rákẹ́ẹ̀tì náà wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọrùn rẹ̀. Gbogbo ohun tó wà ní yàrá yẹn ló pupa, àfi téèpù tí wọ́n wé mọ́ èkù náà, tó funfun bí òwú.

Abẹ́rẹ́ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wo téèpù funfun yẹn pẹ́.

"Kí lẹ tún ń wò?" ni olùdarí wí láti ìta. "Àmì iná wà lára rẹ̀. Rákẹ́ẹ̀tì Òsì-Iná ni. Bàbá rẹ̀ ló kú yẹn, lánàá ló sì gbá a létí lójú gbogbo wa. Ẹ fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ sí i lọ́wọ́, kí n lè gbé ife fún ẹnì kejì."

Òsì-Iná ni àbíkẹ́yìn kóòṣì. Àṣekágbá àkọ́kọ́ láyé rẹ̀ ni wọ́n fẹ́ gbá lọ́jọ́ yẹn. Bí ọlọ́pàá bá mú un, Òkúta tó fẹ́ bá a figẹ̀ wọngẹ̀ yóò gba ife láìgbá bọ́ọ̀lù kan, Òsì-Iná yóò sì lọ jókòó sẹ́wọ̀n.

Abẹ́rẹ́ bá Òsì-Iná ní yàrá dókítà, tó gbá orúnkún méjèèjì mọ́ra.

"Bàbá rẹ gbá ẹ létí lánàá."

"Láti ọmọ ọdún mẹ́fà ló ti ń gbá mi létí, mà. Òun náà ló gbé mi dé ibí. Mi ò tiẹ̀ mọ èyí tí mo fẹ́ sunkún sí nínú méjèèjì."

"Ìwọ lo pa á?"

"Bó bá jẹ́ èmi ni, mi ò ní fi rákẹ́ẹ̀tì tí mo fẹ́ràn jù pa á."

Ẹ̀rín fẹ́ pa Abẹ́rẹ́, ó gbé e mì. Ó fi èkù náà hàn án láti inú ọ̀rá. Ọ̀dọ́kùnrin náà fajú ro.

"Ta ló wé eléyìí? Òdìkejì ni wọ́n wé e sí. Òsì ni mo fi ń gbá bọ́ọ̀lù. Bí wọ́n bá wé e bíi tọlọ́wọ́ ọ̀tún báyìí, etí téèpù á máa ṣí lábẹ́ àtẹ́lẹwọ́ mi."

"Ta ló máa ń wé e fún ẹ?"

"Ẹ̀gbọ́n mi ni. Òun kò sì jẹ́ ṣe irú àṣìṣe yìí. Ká kàn sọ pé ara rẹ̀ kò yá láàárọ̀ yìí. Ọlọ́wọ́ ọ̀tún ni, ṣùgbọ́n òsì ló fi ń gbá bọ́ọ̀lù sí mi nígbà tí à ń nara, ó ní èjìká ọ̀tún ń dun òun. Gbogbo bọ́ọ̀lù ń lu àwọ̀n. Mo fi í ṣẹ̀fẹ̀ títí. Mi ò mọ̀ pé bàbá wa ti kú."

Òkúta ló kàn fún Abẹ́rẹ́. Ó bá a lórí pápá tí wọ́n ti ń dánra wò. Òkúta ti na ọwọ́ méjèèjì síwájú kí ó tó béèrè.

"Ẹ wò ó dáadáa, mà. Bó bá jẹ́ ọwọ́ yìí ló ṣiṣẹ́ yẹn, ẹ gé e. Bàbá yẹn pè mí ní ẹran láàárọ̀ àná, mo rẹ́rìn-ín. Ọmọ rẹ̀ ni mo fẹ́ lù, lójú gbogbo ayé, pẹ̀lú bọ́ọ̀lù."

Kókó wà ní àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Kò sí ojú ọgbẹ́ kankan.

Nígbà yẹn ni Abẹ́rẹ́ ní kí wọ́n mú Òsì-Iná wá sórí pápá náà, kí wọ́n sì pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n náà dé, ó gbé báàgì rákẹ́ẹ̀tì àbúrò rẹ̀ kọ́ èjìká ọ̀tún, ó ki ọwọ́ ọ̀tún bọ àpò.

"Ẹ jẹ́ kí àbúrò mi lọ múra," ló wí. "Ìyà tó jẹ ẹ́ tó."

"Kò ní pẹ́ lọ. Kí ló dé tí o fi òsì gbá bọ́ọ̀lù láàárọ̀?"

"Èjìká mi ni. Gbogbo ayé ló mọ̀ pé ó ti bàjẹ́."

"Èjìká tó ń dùn ọ́ náà lo fi gbé báàgì?"

Ọkùnrin náà sọ báàgì kalẹ̀, ó fi òsì sọ ọ́.

"Ẹni tó pa bàbá yín ya ọwọ́ ara rẹ̀ nígbà tí rákẹ́ẹ̀tì kán," ni Abẹ́rẹ́ wí. "Ẹ̀jẹ̀ tirẹ̀ wọ inú téèpù. Ó mọ̀ pé a óò rí i, ló bá tú u, ó wé tuntun. Téèpù wà lápò rẹ̀, torí pé iṣẹ́ rẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ó ń kánjú, ó wé e bó ṣe ń wé tara rẹ̀ kí ó tó di ẹni tó ń wé e fún ẹlòmíràn. Mú ọwọ́ yẹn jáde."

Ó mú un jáde. Àtẹ́lẹwọ́ ọ̀tún rẹ̀ là yànnàyànnà láti ìdí àtàǹpàkò dé ọrùn ọwọ́.

Òsì-Iná wò ó. "Ẹ̀gbọ́n mi?"

"Mo kàn bẹ bàbá wa pé kó jẹ́ kí n jókòó tì í níbi tí àwọn kóòṣì ń jókòó sí lónìí," ni ẹ̀gbọ́n wí, bí ẹni ń sọ̀rọ̀ fún ilẹ̀. "Òun ló lé mi wọ pápá lọ́jọ́sí nígbà tí àṣekágbá tèmi kù dẹ̀dẹ̀, èjìká mi ti wú, ibẹ̀ ló ti bàjẹ́. Ṣé ẹ mọ ohun tó sọ? Ó ní, 'Ìwọ ni mo fi kọ́ṣẹ́. Ara rẹ ni mo ti mọ ibi tí kò yẹ kí n fọ́ lára àbúrò rẹ.'"

"Kí ló dé tó fi jẹ́ rákẹ́ẹ̀tì mi lo lò?" ni àbúrò rẹ̀ béèrè.

"Òun ló wà nítòsí."

"Irọ́ lo pa," ni Abẹ́rẹ́ wí. "Rákẹ́ẹ̀tì tìrẹ ló wà lórí bẹ́ǹṣì níbẹ̀. Inú báàgì ni ti àbúrò rẹ wà. O ṣí báàgì kí o tó mú un."

Ẹ̀gbọ́n gbé ojú sókè. Ó rẹ́rìn-ín; ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti rí ẹ̀rín rẹ̀ kẹ́yìn. "Kí àbúrò mi náà mọ bó ṣe máa ń rí," ló wí, "bí wọ́n bá gba àṣekágbá lọ́wọ́ èèyàn."

Òsì-Iná bẹ̀rẹ̀, ó ṣí báàgì, ó yọ rákẹ́ẹ̀tì kan. Gbogbo wọn rò pé ó fẹ́ lọ gbá bọ́ọ̀lù ni. Ó gbé ọwọ́ òsì rẹ̀ sókè gan-an, bó ṣe máa ń gbé e bó bá fẹ́ ṣí eré. Kọ́sítébù tó mú un wá sórí pápá sáré, kò bá a. Rákẹ́ẹ̀tì náà balẹ̀ gbà-á lórí èjìká ọ̀tún ẹ̀gbọ́n rẹ̀, egungun ibẹ̀ sì dá.