Kílò Mẹ́rìnlélọ́gọ́ta

Ọwọ́ méjèèjì ni ọkùnrin kan fi di ṣòkòtò rẹ̀ mú nígbà tó wọ ṣọ́ọ̀bù obìnrin aránṣọ kan, torí bọ́tìnnì ti já, síìpù ò sì padé mọ́. Ẹ̀rín fẹ́ pa aránṣọ náà, ṣùgbọ́n ojú ọkùnrin yìí tutù, ó sì rẹwà.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi tú u sílẹ̀ díẹ̀. Oògùn ọpọlọ ló ń mú mi sanra. Mo ti ya wèrè rí, kí ẹ tètè gbọ́ ọ lẹ́nu mi."

"Ṣé mo bi yín ni? Ẹ dúró dáadáa kí n wọn ìbàdí yín."

Bí ìfẹ́ ṣe wọlé nìyẹn. Káfíńtà ni ọkùnrin náà. Ó bá a tún gbogbo àga ṣọ́ọ̀bù ṣe, ó sì ń pè é ní Abẹ́rẹ́ mi.

Láàárín oṣù mẹ́rin, ẹ̀ẹ̀mẹta ni aránṣọ tú ṣòkòtò yẹn. Káfíńtà wá ń mu omi ṣáá, ó ń tọ̀ ṣáá, ojú rẹ̀ ń ṣe bàìbàì, ó sì ń gé pákó lódì. Aránṣọ lọ bá ìyá káfíńtà.

"Ọmọ mi ń sùn, kò bá ẹnikẹ́ni jà mọ́," ni ìyá wí. "Ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀."

Ẹ gbọ́ o! Torí pé ara èèyàn balẹ̀, a ò gbọdọ̀ bèèrè bóyá ara ọ̀hún le.

"Màá kúkú da oògùn náà nù," ni káfíńtà wí.

"O ò gbọdọ̀! Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Dìde, ká lọ bá àwọn tó fún ọ."

Nílé ìwòsàn, nọ́ọ̀sì ṣí fáìlì. "Kílò mẹ́rìnlélọ́gọ́ta. Kò sí wàhálà."

Aránṣọ na ọrùn wò ó. Oṣù méjìlá gbáko, iye kan náà ni wọ́n ń dà kọ! Páálí ìbọ̀wọ́ ló jókòó lórí ìwọ̀n, eruku ti bò ó.

"Ẹni tí mo tú ṣòkòtò ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta!"

"Ta lẹ jẹ́ sí i ná?"

"Ìyàwó ẹ̀ ni mí! Ẹ gbé páálí yẹn kúrò níbẹ̀!"

Wọ́n wọ̀n ọ́n: kílò mọ́kàndínláàádọ́rùn-ún. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ wò: ìtọ̀ ṣúgà. Dókítà dorí kodò. Ó ní àtìgbà tí oògùn ti bẹ̀rẹ̀ ló yẹ kí àwọn ti máa ṣe àyẹ̀wò wọ̀nyí. Àwọn á rọra pààrọ̀ oògùn náà, àwọn á sì tọ́jú ṣúgà náà.

"Ẹ mọ̀, ẹ ò sì ṣe é," ni aránṣọ wí. "Ṣé torí pé wèrè lẹ pè é, kò lára ni?" Omijé bọ́ lójú rẹ̀, omijé ìbínú.

Ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, káfíńtà fà á lọ́wọ́. "Abẹ́rẹ́ mi, mi ò mọ̀ pé mo ti gbéyàwó."

"Má pa mí lẹ́rìn-ín."

"Oògùn yìí lè jẹ́ títí ayé o. Àìsàn yẹn sì lè padà wá."

"Mo ti gbọ́. Bèèrè ohun tí o fẹ́ bèèrè."

Káfíńtà bèèrè.

"Mo gbà," ni aránṣọ wí, ojú rẹ̀ ṣì pọ́n. "Ó yá, ká padà wọlé. Wọn ò tíì wo ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ ẹ."