Ṣé O Mọ Ẹnikẹ́ni Nínú Wa?

Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ nu ilẹ̀ wọ́ọ̀dù wa tán ni ọkùnrin kan tó wá tún ẹ̀rọ omi ṣe gba orí rẹ̀ kọjá, tòun ti bàtà ẹlẹ́rẹ̀. Èmi tí ẹnu mi kì í gbófo ní, "Ọ̀gbẹ́ni, ṣé oko lẹ rò pé ẹ wà ni?"

Ó wo ẹ̀yìn, ó bọ́ bàtà, ó wá aṣọ ìnulẹ̀, ó nu gbogbo rẹ̀ tán. "Ẹ má bínú, nọ́ọ̀sì." Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń pè é ní Ẹlẹ́rẹ̀. Kó tó pé oṣù mẹ́ta, ìfẹ́ rẹ̀ ti kó sí mi lórí.

Àmọ́ bàbá mi, olùkọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ tó ti fẹ̀yìn tì, ti là á mọ́lẹ̀ tipẹ́ pé ẹni tí kò bá ní iṣẹ́ olówó-oṣù kò ní fẹ́ ọmọ òun. Ẹlẹ́rẹ̀ ò ní ju àpótí irinṣẹ́ kan lọ. Ọdún kan gbáko la fi ń pàdé níkọ̀kọ̀. Nígbà tí ilé iṣẹ́ omi wá pè é fún íńtáfíù, mi ò lè jókòó jẹ́ẹ́ mọ́.

"Èèyàn mẹ́rin ló máa jókòó níwájú rẹ," ni mo wí. "Kí gbogbo wọn. Ẹni tó bá bi ọ́ ni kí o dá lóhùn, àmọ́ má gbàgbé àwọn yòókù. Èyí tí kò sọ̀rọ̀ rárá, òun gan-an ni kí o ṣọ́."

"Ìfẹ́ mi, ojú méjì péré ni mo ní."

"Máa pín in."

Àárọ̀ ọjọ́ náà, bàbá mi jáde nínú yàrá pẹ̀lú ṣẹ́ẹ̀tì funfun. "Ilé iṣẹ́ omi ní kí n wá bá àwọn jókòó. Àwa mẹ́rin la fẹ́ mú òṣìṣẹ́ kan."

Mo sá wọ ilé ìdáná, mo pe Ẹlẹ́rẹ̀. "Bàbá mi wà lára wọn o. Wọ́n máa kọ́kọ́ bi ọ́ bóyá o mọ ẹnikẹ́ni nínú àwọn. Sọ pé rárá. Irọ́ kọ́ ni, òkèèrè lo ti ń rí wọn, o ò tíì kí wọn rí."

"Ṣé o gbọ́?" ni mo tún bi í.

"Mo gbọ́."

Ara mi ò balẹ̀. Mo tọrọ àyè níbi iṣẹ́, mo lọ jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ wọn. Mo dìde, mo jókòó, mo tún dìde, títí akọ̀wé wọn fi bi mí bóyá ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ni mò ń wá. Wọ́n pe Ẹlẹ́rẹ̀ wọlé. Kò pé ìṣẹ́jú márùn-ún, ilẹ̀kùn ṣí. Bàbá mi ló jáde, àwọn nìkan.

Wọ́n rí mi, wọ́n sì jókòó tì mí. "A bi í bóyá ó mọ ẹnikẹ́ni nínú wa. Ó ní òun mọ̀ mí, pé ọmọ mi lòun fẹ́ fẹ́, mi ò kàn tíì mọ̀ ni. Òfin ní kí n jáde."

Wọ́n wo ojú mi.

"Ìwọ mọ̀ pé ó ń bọ̀?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Èmi ni mo ní kó sẹ́ yín." Ojú tì mí gan-an. Ọmọ tó bá ní kí wọ́n sẹ́ bàbá òun, kí ló kù tí kò ní ṣe?

Wọn ò bá mi wí. Wọ́n ń fi ìka lu orúnkún, wọ́n ń wo ilẹ̀kùn. "Kí ni wọ́n ń bi í látàárọ̀ yìí?" Nígbà tó yá, àwa méjèèjì là ń dìde, tí à ń jókòó.

Ẹlẹ́rẹ̀ jáde, ó kí wọn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. "Ẹ forí jì mí, sà. Mi ò mọ bí mo ṣe máa purọ́ níwájú yín lónìí, kí n wá máa pè yín ní bàbá lọ́la."

Bàbá mi kàn mi orí, wọ́n ní ká máa lọ sílé.

Ọ̀sẹ̀ kejì ni lẹ́tà dé. Ẹlòmíràn ni wọ́n mú. Mo sunkún títí ojú mi fi wú. Ẹlẹ́rẹ̀ fúnra rẹ̀ ló gbé lẹ́tà náà wá sílé wa. Bàbá mi kà á tán, wọ́n ní kó jókòó.

"Owó oṣù tí ẹ ní kó ní ńkọ́?" ni ìyá mi bi bàbá mi.

Bàbá mi ká lẹ́tà náà pọ̀. "Iṣẹ́ á wá. Ogún ọdún ni mo fi ń jókòó bi èèyàn léèrè iṣẹ́, irọ́ tí wọ́n ti pa fún mi kò lóǹkà. Ẹni tí irọ́ ì bá ṣe láǹfààní, tí kò sì pa á, òun ni mo fẹ́ kó máa bá ọmọ mi gbé." Wọ́n yíjú sí Ẹlẹ́rẹ̀. "Ọjọ́ wo lẹ fẹ́ kí ìgbéyàwó bọ́ sí?"

Kó tó la ẹnu, mo ti dá ọjọ́.